Bàtà awọ tí bàbá kan bá mi rán ní Ọ̀yọ́, òun ló gbé mi dé Santiago

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ẹsẹ̀ mi sórí sítátọ́ọ̀sì ni àwọn èèyàn ò ti jẹ́ kí n sinmi, bàtà wo nìyẹn, ṣé lóòótọ́ ni pé Ọ̀yọ́ níbí ni wọ́n ti ṣe é, èló ni, ṣé ó máa ń pẹ́ lẹ́sẹ̀, ṣé ẹ̀rù ò bà mí láti dá rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni. Bàtà gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, àmọ́ mi ò lè sọ̀rọ̀ bàtà kí n má sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó rìn, torí ẹni tó kàn wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó sì wọ̀ ọ́ bọ̀ ò lè mọ ohun tí èmi mọ̀ nípa ẹ̀.

Ọ̀nà tí mò ń wí ni Camino de Santiago. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń fẹsẹ̀ rìn ín lọ sí ìlú Santiago de Compostela ní Sípéènì, níbi tí ìjọ gbà pé wọ́n sin Jákọ́bù Mímọ́ àpọ́sítélì sí. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ pọ̀, èyí tí èmi rìn ni Camino Francés, ó bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé, ó gba orí òkè Pyrenees kọjá wọ Sípéènì, gbogbo ẹ̀ sì tó bíi kìlómítà 780. Ẹ fi wé Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ pé ò pé 60, kí ẹ wá ro ó pé èèyàn fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn ju ìgbà 13 lọ. Ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 2025 ni mo bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ni mo dé, èmi nìkan, pẹ̀lú báàgì kan lẹ́yìn.

Ẹ̀jẹ́ ló gbé mi lọ. Nígbà tí màámi wà lórí àìsàn mo sọ fún Ọlọ́run pé tó bá lè jẹ́ kí wọ́n lọ láìjẹ̀rora, màá fẹsẹ̀ rìn dé ibi Jákọ́bù Mímọ́, torí ọjọ́ ọdún ẹ̀, 25 oṣù keje, ni wọ́n bí màámi. Wọ́n sùn lọ ni, lóru, ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀jẹ́ ti di gbèsè nìyẹn.

Ó dáa, bàtà. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ ra búùtù tí wọ́n fi ń gun òkè, ₦165,000, ẹni tó tà á búra fún mi pé ojúlówó ni, ó ní mo lè fi lọ Jerúsálẹ́mù. Àwọn tó ti rin ọ̀nà yẹn rí ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n mú bàtà kejì dání, ohun tó fẹ́lẹ́, torí tí èèyàn bá dé ilé ìsùn ní ìrọ̀lẹ́ wọn kì í jẹ́ kó wọ búùtù wọ yàrá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń tò ó sí. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Bàbá nìyẹn o, bàtà ìrọ̀lẹ́ lásán ni mo wá ra.

Bàbá yìí, oníṣẹ́ awọ ni wọ́n, ìsọ̀ wọn wà lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, wọ́n wà lára àwọn tí iná tó jó ọjà náà ní oṣù kìn-ín-ní 2020 jó ẹrù wọn. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi òwú tí wọ́n ti fi ìda fà rán àpò. Mo kí wọn, mo sọ ohun tí mo fẹ́, mo rò pé wọ́n máa na ọwọ́ sí èyí tó wà lórí igi kí n sanwó kí n máa lọ. Wọ́n ní, "Ibo lo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ, ọmọ mi?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Tí bàtà tó o rà n'Ìbàdàn bá wá ṣe ẹ́ léṣe lọ́nà ńkọ́, ta ló máa gbé ẹ?" Mo ní, "Kò sí o, Bàbá, èmi nìkan ni mò ń lọ." Wọ́n ò fèsì. Wọ́n gbé àpò tí wọ́n ń rán sílẹ̀, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi ọwọ́ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi káàkiri, gìgísẹ̀, àtàǹpàkò, ọmọńdinrín, wọ́n wá ní kí n máa lọ sílé, kí n padà wá ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ti rìn káàkiri, torí ẹsẹ̀ àárọ̀ kọ́ ni ẹsẹ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ máa ń wú. Àti pé kí n mú ìbọ̀sẹ̀ tí màá wọ̀ dání.

Èmi tí mo ti ra bàtà láti kékeré, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí.

Mo padà lọ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n dúró lórí páálí, wọ́n fi bírò fa ìlà yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká, ọ̀tọ̀ ni òsì, ọ̀tọ̀ ni ọ̀tún, wọ́n ní ẹsẹ̀ òsì mi fẹ̀ ju ọ̀tún lọ díẹ̀. Ẹni ọdún 47 ni mí, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Wọ́n ní àwọn máa ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn ọlọ́dẹ: awọ màlúù pupa tó nípọn lókè, awọ ewúrẹ́ tó rọ̀ nínú níbi tó máa fara kan ẹsẹ̀, okùn tó máa di ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mú dáadáa, táyà ọkọ̀ kékeré nísàlẹ̀. Wọn ò lo ti ọkọ̀ ńlá, wọ́n ní ó ti le jù, kì í tẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ táyà náà mọ́ awọ kí wọ́n tó fi ọwọ́ rán an yípo lẹ́ẹ̀mejì. ₦28,000 ni wọ́n pè é, mi ò ná an.

Ibi tí mo ti bínú sí wọn nìyí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ torí ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ní awọ ò tíì gbẹ, wọ́n á ní ọmọ tó ń bá wọn gé táyà rìnrìn àjò, bẹ́ẹ̀ wàhálà fisà tún ń pa mí lọ́tọ̀ (ti fisà yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, mo ti dárí jì wọ́n). Nígbà tó fi máa bọ́ sí mi lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí n lọ, tó sì jẹ́ pé bàtà tuntun gbọ́dọ̀ mọ ẹsẹ̀ kó tó rin ọ̀nà jíjìn. Mo wá ń jí ní aago márùn-ún àárọ̀ láti fi rìn, Ọ̀yọ́ sí Ìlọrà, Ìlọrà padà, ọjọ́ Sátidé kan mo rìn dé Fìdítì pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Tí obìnrin bá ń dá rìn lójú títì nílùú wa pẹ̀lú ẹrù, àwọn èèyàn á rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ọlọ́kadà bíi mẹ́fà ló dúró, "Màámi, ẹ gùn ún, ẹ má sanwó." Mo ń sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ́ ni, wọ́n á ní Olúwa á gbà á o. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí wọn.

Búùtù ni mo wọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn le, èèyàn á máa gòkè láti àárọ̀, ó lé ní mítà 1,400 níbi tó ga jù, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Roncesvalles. Gígun òkè ò pa mí lára, ibi sísọ̀ kalẹ̀ ni, pàápàá ní ọjọ́ kejì, gẹ̀rẹ́ olókùúta tó wọ Zubiri. Gbogbo ìka ẹsẹ̀ mi ń lọ gbá iwájú búùtù, gbà, gbà, gbà, ní gbogbo ìgbésẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ ọ ní Pamplona ní ọjọ́ kẹta, èékánná àtàǹpàkò méjèèjì ti dúdú, ìléròrò mẹ́rin ló wà lẹ́yìn gìgísẹ̀, ọ̀kan ti bẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òkè ní họ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn, èèyàn bíi 30 nínú yàrá kan, kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá, mo sunkún. Ohun tí dídá rìn túmọ̀ sí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi: kò sẹ́ni tó máa wo ẹsẹ̀ rẹ fún ẹ. Ìwọ lo máa fi abẹ́rẹ́ lu ìléròrò, ìwọ lo máa pinnu bóyá ọ̀la á ṣeé ṣe.

Mo fi òrí pa ẹsẹ̀ (òrí Ṣakí tí àbúrò mi dì fún mi, ó ju gbogbo ìpara tí wọ́n ń tà lọ́nà yẹn lọ, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn). Mo rọra fi búùtù yẹn wọ́ ẹsẹ̀ dé Puente la Reina lọ́jọ́ kejì. Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni ọ̀rọ̀ Bàbá wá sí mi lọ́kàn, ta ló máa gbé ẹ. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà awọ, mo so búùtù mọ́ báàgì. Nígbà tí mo dé Logroño mo fi búùtù sílẹ̀ nínú àpótí tí wọ́n ń kó ẹrù tí wọn ò fẹ́ mọ́ sí, mi ò sì ronú kàn án mọ́.

Láti Puente la Reina títí dé Santiago, ó lé ní kìlómítà 650, bàtà ₦28,000 yìí nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìka ẹsẹ̀ mi ń rí atẹ́gùn. Ìléròrò gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, òmíràn ò sì yọ àyàfi ẹyọ kan lábẹ́ ọmọńdinrín òsì, níbi tí okùn ti ń há mi, mo sì máa padà sórí ìyẹn.

Àwọn èèyàn ń wò ó gan-an. Ní Santo Domingo de la Calzada, ìlú kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àkùkọ àti àgbébọ̀ tó wà láàyè nínú kàtídírà (nítorí ìtàn ọmọkùnrin kan tí wọ́n so kọ́ láìṣẹ̀, tí adìẹ sísun fi dìde lórí àwo láti jẹ́rìí sí i), ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ kan awọ pupa yẹn, ó ń bi mí ní ìbéèrè tí mi ò gbọ́. Mo sáà ń sọ fún un pé "Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́," òun náà sì ń pè é tẹ̀ lé mi.

Ibi tí mo ti mọ iyì ẹ̀ jù ni Meseta, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà láàárín Burgos àti León. Ojú ọ̀nà tó lọ tààrà, oko àlìkámà lọ́tùn-ún lósì, kò sí igi tí èèyàn lè sá sábẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn ìlú Carrión de los Condes, kìlómítà 17 ni wàá rìn láìrí abúlé kan. Mo jí lọ ní kùtùkùtù ọjọ́ yẹn, mi ò rí èèyàn kankan níwájú, mi ò rí lẹ́yìn, ìró táyà yẹn lórí òkúta wẹ́wẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ka Rósárì. Lẹ́yìn náà mo ń bá màámi sọ̀rọ̀ sókè, ohun tí mi ò rí àyè sọ fún wọn, ti owó tí mo jẹ wọ́n, ti ọdún tí mi ò wálé, mo ń sọ ọ́ títí ẹnu mi fi gbẹ. Tí ẹnì kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò ní lè sọ ọ́. Mo sì dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ ò ro mí lọ́jọ́ yẹn, torí ẹsẹ̀ tó bá ń roni kì í jẹ́ kéèyàn lè ronú nǹkan míì.

Ẹ ń bèèrè nípa ẹ̀rù. Ó bà mí ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọfà ofeefee ló ń darí èèyàn, lára igi, lára ògiri, lára òkúta. Àlùfáà kan ní O Cebreiro, Elías Valiña, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún ní àwọn ọdún 1980, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé ló máa kí yín, "Buen Camino," bíi ká ní ẹ kú ìrìn o, ara mi sì wálẹ̀ torí nílé wa náà, a kì í kọjá lára èèyàn ká má kí i. Mo kọ nọ́ńbà 112, èyí tí wọ́n ń pè fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, sẹ́yìn fóònù, mi ò jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ àyàfi tí mo bá rí tọ́ọ̀ṣì ẹlòmíì níwájú, gbogbo alẹ́ ni mò ń fi orúkọ ibi tí mo sùn ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ẹ mú kéṣì dání o. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin tí iná lọ ní gbogbo Sípéènì àti Pọ́túgà lọ́sàn-án gangan, káàdì ò ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ló ra búrẹ́dì. Àyà àwọn tá a jọ wà nílé ìsùn já gan-an, àwọn kan ò rí irú ẹ̀ rí láyé wọn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì mi, mo gbé ife omi tó kún lé e lórí kó lè mọ́lẹ̀ káàkiri, a jókòó yí i ká a jẹun, àwọn èèyàn wá di ẹbí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àléébù bàtà náà wà, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó wúwo, táyà kì í ṣe fómù. Àwọ̀ pupa ẹ̀ ṣí sára gbogbo ìbọ̀sẹ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, fífọ̀ ò sì mú un kúrò. Tí òjò bá pa á, ọjọ́ méjì ni kó tó gbẹ, Galicia, agbègbè tí Santiago wà, sì ni ilẹ̀ òjò, èmi tí mo ti rò pé òjò ti tán, ìwé ìròyìn ni mo ń kì sínú ẹ̀ lálẹ́, àárọ̀ màá tún wọ̀ ọ́ ní tútù. Awọ tó bá tutù sì máa ń fà, okùn wá tú díẹ̀, mo ní láti lu ihò tuntun. Okùn ọmọńdinrín òsì yẹn náà, ó yẹ kí n ti sọ fún Bàbá nígbà tí mò ń rìn lọ Fìdítì, mo ti ń mọ̀ ọ́n lára nígbà yẹn, mo ní á rọ̀ tó bá yá. Kò rọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni irin ìdè ẹsẹ̀ ọ̀tún, irú ti bẹ́líìtì yẹn. Ó já lẹ́yìn León, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì pa. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pe Bàbá lórí WhatsApp, ọmọ ọmọ wọn ló di fóònù mú fún wọn. Wọ́n ní, "Gbé e súnmọ́ bí. Yí i. Irin ló já, awọ ò já." Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi okùn gba inú ihò méjèèjì kí n sì ta á ní kókó tí ò ní tú. Wọ́n wá ní, "Tó o bá rí oníbàtà, má jẹ́ kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ o, rírán ni kó rán an." Kókó yẹn gbé mi dé Astorga lọ́jọ́ kejì láìtú. Oníbàtà tí mo rí níbẹ̀, àgbàlagbà lòun náà, ó yí bàtà náà sódì, ó kan táyà yẹn lù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "abarcas". Mo wá gbọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pé irú ẹ̀, awọ lókè táyà nísàlẹ̀, ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wọn máa ń wọ̀ lọ oko láyé àtijọ́. Ó rán irin tuntun sí i. Yúrò mẹ́rin.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni mo dé Cruz de Ferro, àgbélébùú irin kékeré lórí òpó igi gíga, níbi tí oníkálukú ń ju òkúta tó gbé láti ilé ẹ̀ sí. Òkúta tèmi, iwájú ilé màámi ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ ni mo ti ṣà á. Mo gbé e sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ibẹ̀.

Ní Santiago, wọ́n yẹ ìwé mi wò, òǹtẹ̀ gbogbo ibi tí mo sùn ló wà nínú ẹ̀ (ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ rin ó kéré tán kìlómítà 100 kí wọ́n tó fún un), wọ́n wá fún mi ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Compostela, èdè Látìnì ni wọ́n fi kọ ọ́. Póòpù Francis papò dà nígbà tí mo wà ní Burgos, wọ́n yan Leo nígbà tí mo dé Triacastela, ọ̀nà náà gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo padà dé ni mo gbé bàtà náà lọ fún Bàbá, pẹ̀lú àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní tarta de Santiago tí mo rà fún wọn. Àkàrà yẹn ò jẹ wọ́n lógún, bàtà ni wọ́n gbà. Wọ́n gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí táyà, wọ́n ní gìgísẹ̀ òsì ti jẹ ju ọ̀tún lọ, ejìká òsì ni báàgì ti ń fà mí, àbí? Òótọ́ ni. Okùn báàgì mi ò dọ́gba láti Burgos, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wo ibi tí ará Astorga rán, wọ́n ní ẹni yẹn mọṣẹ́.

Tí ẹ bá máa lọ bá wọn, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ yín dání, ẹ sọ fún wọn pé irin ìdè tó nípọn lẹ fẹ́, kí wọ́n sì fọ awọ náà kó má ṣí àwọ̀ mọ́. Ẹ fún wọn ní oṣù méjì gbáko ṣáájú ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó, ẹ sì fẹsẹ̀ rìn ín dáadáa nílé kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú. Ohun tó bá ń há yín ní ibi kékeré, ẹ tètè padà lọ sọ fún wọn, wọn kì í bínú.

Àbúrò mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ lọ ní 2027, torí ọjọ́ Sunday ni 25 oṣù keje máa bọ́ sí lọ́dún yẹn, Ọdún Mímọ́ sì ni wọ́n máa ń pè é ní Santiago tó bá ti rí bẹ́ẹ̀. Òun náà, nìkan ló fẹ́ lọ. A jọ lọ sọ́dọ̀ Bàbá lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kó dúró lórí páálí. Páálí ẹsẹ̀ tèmi ṣì wà lára ògiri wọn, wọ́n kan ti àbúrò mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.